Ta ló mọ̀ nípa system thinking yìí? Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fẹ́ pa wá níbi iṣẹ́

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń mójú tó sítọ̀: fúláwà, ṣúgà, yíìsì, bọ́tà, náílọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀. Wàhálà tá a ní nìyí, ó ti tó ọdún kan àbọ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì búrẹ́dì ò ní tó, àwọn ìyá tó ń gbà á lọ tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ wa lọ́rùn ní géètì láago márùn-ún ìdájí, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta búrẹ́dì á pọ̀ débi pé ìdajì ohun tí fáànù, ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì, kó jáde ló máa kó padà wálé, àwọn ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ la ó máa tà á fún lówó pọ́ọ́kú. Tí ò bá tó, MD, ọ̀gá wa, á ní dírẹ́bà ló ń pẹ́. Tó bá pọ̀ jù, á ní èmi ni mò ń ra fúláwà ní ìràkurà. Dírẹ́bà mẹ́ta ló ti lé láàárín ọdún kan. Mẹ́ta! Èyí tá a gbà kẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í "pẹ́" báyìí.

Wọ́n wá rán mi lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó wá kọ́ wa ń sọ system thinking, pé ká máa wo bí nǹkan gbogbo ṣe so kọ́ra, ó ń sọ loop, feedback, leverage, gbogbo wa ń mirí bí alángbá, kò yé ẹnì kankan. Ọjọ́ kejì ni MD ní kí n wá fi ohun tí mo lọ kọ́ tún ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ṣe. Ẹ gbà mí o.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Kí wọ́n lé MD fúnra ẹ̀, ẹ máa rí i pé búrẹ́dì á tó 😂😂 Ní tèmi o, gírámà lásán ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá lówó fúláwà, tí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ kì í jalè, búrẹ́dì ẹ̀ á jáde. Ó tán.

Tísà_Àgbà
Onísítọ̀, fi Ọmọ Alágbẹ̀dẹ sílẹ̀ ná, àmọ́ má gbàgbé ọ̀rọ̀ olè tó sọ yẹn, a máa padà síbẹ̀. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Lọ́jọ́ tí búrẹ́dì ò bá tó, báwo lẹ ṣe ń pín in? Ìkejì, látìgbà tẹ́ ẹ bá ti sanwó fúláwà, ọjọ́ mélòó ló ń gbà kó tó já sílẹ̀ ní sítọ̀ rẹ?

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun sà. Tí ò bá tó, ìdajì-ìdajì la máa ń fún kálukú. Ẹni tó bá ní ká kó ọgọ́rùn-ún fún òun, àádọ́ta la ó kó fún un, kó má di pé à ń ṣojúsàájú. Ti fúláwà, owó la kọ́kọ́ máa ń san. Tí ọ̀nà bá dáa ó lè gba ọjọ́ márùn-ún, ìgbà míì ọjọ́ mẹ́jọ. Àmọ́ sà, kí lèyí kàn nínú ọ̀rọ̀ dírẹ́bà?

Tísà_Àgbà
Ó kàn án. Ká ní èmi ni ìyá oníbúrẹ́dì, ọgọ́rùn-ún ni mò ń tà lóòjọ́. Lánàá mo pe ọgọ́rùn-ún, ẹ fún mi ní àádọ́ta. Lónìí, mélòó ni màá pè?

Ìyá_Rónkẹ́
Igba ni! 😂 Kí la fẹ́ fi bò. Èmi alára ń gba búrẹ́dì sí ṣọ́ọ̀bù mi, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní ìdajì báyìí, ìlọ́po méjì ni màá pè. Tí mo bá gbọ́ pé ìyá tó wà ní òdìkejì títì pe ìlọ́po mẹ́ta, èmi náà á pe ìlọ́po mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo burú o. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Tísà_Àgbà
Ìyá Rónkẹ́ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Onísítọ̀, wàá wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín. Ọgọ́rùn-ún ni ọjà nílò, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé yín ni igba. MD wo ìwé, ó ní ha, ọjà ti gbòòrò, ẹ ra fúláwà! O sanwó. Fúláwà ò dé lọ́la, kò dé lọ́túnla, àwọn ìyá ṣì ń pariwo ní géètì, MD ní kí ló dé, o tún sanwó òmíràn. Ó di ọjọ́ kẹjọ, ti àkọ́kọ́ dé, ó di ọjọ́ kẹwàá, ìkejì dé. Búrẹ́dì wá pọ̀. Ìyá tó pe igba, igba lẹ fún un lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ọgọ́rùn-ún péré ló lè tà, ó kó ọgọ́ta padà wá, lọ́jọ́ kejì ọgọ́ta ló pè torí ó ṣì ní ogójì tàná nílẹ̀. MD wo ìwé, ó ní ọjà ti kú, ẹ má ra fúláwà mọ́. Sítọ̀ gbẹ. Ọ̀sẹ̀ kejì, búrẹ́dì ò tó, ẹ tún ń pín in ní ìdajì, ó tún di igba.

Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì yẹn ńkọ́? Iye tí wọ́n jẹ lánàá náà ni wọ́n jẹ lónìí. Ọjà yín ò yí padà rárá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mi ara yín.

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Sà. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Orí mi wú. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ ṣe bíi pé ẹ dúró sẹ́yìn géètì wa. Ìwé fúláwà wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́fà, mo sanwó ọkọ̀ kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Mo ti gbàgbé pé ó ń bọ̀ ni, àbí kí n sọ pé mi ò kà á mọ́ra.

Ẹnjiníà_Ìlọrin
Onísítọ̀, má dára ẹ lẹ́bi, àwọn tó kàwé jù ẹ́ lọ ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọkùnrin tó dá ẹ̀ka ìmọ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní system dynamics sílẹ̀, Jay Forrester, irú ìtàn tìrẹ gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ darandaran ni o, abúlé kan ní Nebraska ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1918. Kò tíì jáde ilé ìwé gírámà tó fi ń kó ògbólógbòó pátì mọ́tò jọ tó fi ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, òun ló fún ilé bàbá ẹ̀ níná. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní inverter lẹ rò pé ẹ ti gbayì.) Nígbà tó yá ó di gbajúgbajà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ní 1956 ó kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá General Electric bá a sọ̀rọ̀ nípa ilé iṣẹ́ wọn ní Kentucky tó ń ṣe fíríìjì àti nǹkan ilé. Ọdún díẹ̀ òṣìṣẹ́ á pọ̀, tọ̀sán-tòru ni wọ́n á máa ṣiṣẹ́, ọdún díẹ̀ sí i wọ́n á lé ìdajì wọn dànù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ajé ló ń lọ sókè sódò. Forrester ò mú kọ̀ǹpútà rárá, ìwé àti pẹ́ńsù ló mú. Ó kọ iye ọjà tó wà nílẹ̀, iye òṣìṣẹ́, iye tí àwọn oníbàárà ń pè, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pinnu ìgbà tí wọ́n ń gbà èèyàn síṣẹ́, ó wá ń ṣírò ẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní iye tí àwọn oníbàárà ń pè ò yí padà, bí wọ́n ṣe ń pinnu lọ́wọ́ ara wọn ti tó láti máa gbé iye òṣìṣẹ́ lọ sókè sódò. Ní 1961 ló tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ó dáa, mo gbà pé ìtàn dùn. Àmọ́ ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ olè. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan ń gbé àpò sìmẹ́ńtì jáde ní òròòru. Ṣé lúùpù ló ń gbé e ni?

Tísà_Àgbà
Rárá. Olè ni. Ẹ mú un. Ìdí tí mo fi ní ká padà síbẹ̀ nìyẹn, torí àwọn kan ti sọ system thinking di aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìwà ọ̀bàyéjẹ́, kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan mọ́, "system" ló ṣe é. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ rèé: tí o bá mú ẹni yẹn kúrò, tí o fi ẹlòmíì tó ṣeé fọkàn tán síbẹ̀, ṣé wàhálà yẹn á tán? Ti sìmẹ́ńtì, á tán. Ti dírẹ́bà Onísítọ̀, ẹni mẹ́ta ti lọ, kò tán. Nígbà tó o bá ti pààrọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta tí nǹkan kan náà ń padà wá, fi èèyàn sílẹ̀, wo ètò iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìlú_Ọba
Ẹ ṣeun Tísà. Ẹ jẹ́ n fi ti ibi tí mo wà kún un, hospital kan ni ní England níbí, mi ò ní dárúkọ. Ojoojúmọ́ ni áńbúláǹsì ń tò síta bí ọkọ̀ ìgbà tí epo wọ́n, aláìsàn wà nínú ẹ̀, wọn ò ráyè gbé e wọlé. Ẹni tó bá rí i á ní àwa ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, A&E ọ̀lẹ ni wá. Ìjọba ti fún wa ní òfin, pé láàárín wákàtí mẹ́rin kí aláìsàn ti kúrò lọ́dọ̀ wa, bóyá ó lọ sílé, bóyá a gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Ní 2004, 98% ni wọ́n ní ká ṣe, ní 2010 wọ́n já a sí 95%. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wákàtí mẹ́rin pé, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, aláìsàn tó ti jókòó látàárọ̀ á ṣàdédé ní bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ńbà là ń tọ́jú nígbà yẹn, kì í ṣe èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Wọ́ọ̀dù lókè ló wà. Màámà arúgbó kan wà ní wọ́ọ̀dù, ara ẹ̀ ti yá, dókítà ti ní kó máa lọ, àmọ́ ó ń dá gbé, ẹni tó máa wá wẹ̀ ẹ́ táá sì fún un lóúnjẹ nílé ò tíì sí, council ló máa ṣètò ìyẹn, owó council ò tó. Màámà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aláìsàn mi ò rí bẹ́ẹ̀dì, áńbúláǹsì ò ráyè jálẹ̀, ẹni tó pe áńbúláǹsì nílé ń dúró. Tẹ́ ẹ bá fún A&E ní nọ́ọ̀sì ogún sí i lónìí, ìtò áńbúláǹsì ò ní kúrú tó bó ṣe yẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹnjiníà_Ìlọrin
Ọ̀rọ̀ yín múná, àǹtí. Táǹkì tí omi ò rí ojú jáde nìyẹn, ẹ̀ ń bá páìpù tó ń gbé omi wọlé jà.

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Táǹkì yẹn ni mo fẹ́ béèrè. Olùkọ́ yẹn yàwòrán táǹkì sára bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Tísà_Àgbà
Gbogbo ẹ̀ kò ju èyí lọ. Táǹkì omi wà lórí ilé rẹ. Omi tó wà nínú ẹ̀ báyìí ni ohun tó wà nílẹ̀. Pọ́ǹpù ń gbé omi wọlé, ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń gbé e jáde. O ò lè yí ohun tó wà nílẹ̀ padà lójijì, àfi kó o yí ohun tó ń wọlé tàbí ohun tó ń jáde, kó o sì dúró. Sítọ̀ rẹ, táǹkì ni. Ìwé àwọn ìyá oníbúrẹ́dì, táǹkì ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní sí yín pàápàá, táǹkì ni, ó sì máa ń yára jò ju bó ṣe ń kún lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní loop, méjì ló wà. Ọ̀kan ń mú kí nǹkan máa pọ̀ sí i: ẹ pín in ní ìdajì, wọ́n pe ìlọ́po méjì, ó wá wọ́n sí i, ẹ tún pín in kéré sí i, wọ́n pe ìlọ́po mẹ́ta. Ìkejì ń fà á padà sí àyè ẹ̀, bíi floater inú táǹkì, tí omi bá ti kún ó ti ẹnu páìpù. Fúláwà tó ò ń rà, fífà padà ló yẹ kó máa ṣe. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń dé. Fojú inú wo floater tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ tí táǹkì kún ló tó máa ti páìpù. Omi á ti wọ pálọ̀.

Ibi tí ìdádúró yẹn wà ni kó o wá lákọ̀ọ́kọ́. Ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ni ní físíìsì, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú.

Adé_Kọ̀ǹpútà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó yàwòrán jù o. Ibi iṣẹ́ wa, wọ́n gbé alámọ̀ràn kan wá, ó ya àwòrán kún ògiri kan látòkè délẹ̀, ọfà lọ ọfà bọ̀, bí ìgbà tí adìyẹ rìn nínú yíǹkì. Ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Àwòrán yẹn ṣì wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó lè kà á. Tó bá ju ohun mẹ́fà méje lọ nínú àwòrán rẹ, fà á ya.

Dípò ìyẹn, eré ni kẹ́ ẹ ṣe. Beer game ni wọ́n ń pè é, MIT náà ló ti wá. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣe é: oníṣọ́ọ̀bù, alágbàtà, ẹni tó ń kó ọjà kiri, ilé iṣẹ́ ọtí. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ìwé pélébé lásán ni wọ́n fi ń pe ọjà, ọjà sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Oníbàárà ń ra páálí mẹ́rin lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó di mẹ́jọ, kò tún yí padà mọ́ títí eré fi parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí o! Ẹ̀pà la fi ṣe tiwa, ọjọ́ Friday, nígbà tí eré parí ilé iṣẹ́ ọtí ti ń pe páálí bí ọgọ́ta, gbogbo wa ti ń bú ara wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń búra pé oníbàárà ló ń ya wèrè. Nígbà tá a ṣí ìwé oníbàárà, mẹ́jọ, mẹ́jọ, mẹ́jọ. Ọ̀gá wa dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mi ò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá_Rónkẹ́
Ó dára, gbogbo yín ti sọ tiyín. Kí ló máa wá ṣe lọ́la nígbà tí àwọn ìyá bá dúró sí géètì? Ẹ máa bá a sọ èyí, ẹ yéé mú un yí Amẹ́ríkà ká.

Tísà_Àgbà
Ẹ ṣeun Ìyá Rónkẹ́. Ẹ jẹ́ n bi yín: tí wọ́n bá ní lọ́jọ́ tí ò bá tó, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ pè la máa fi pín in, iye tẹ́ ẹ tà gan-an lọ́sẹ̀ méjì tó kọjá ni, ká yọ èyí tẹ́ ẹ dá padà kúrò. Ṣé ẹ ṣì máa pe igba?

Ìyá_Rónkẹ́
Kí ni màá fi pípè ẹ̀ ṣe? Kò ní fún mi ní nǹkan kan. Àmọ́ inú á bí mi fún ọ̀sẹ̀ kan 😂

Ẹnjiníà_Ìlọrin
Ẹ fi ti ojú kún un. Donella Meadows, ọ̀kan nínú àwọn tó jáde láti ọ̀dọ̀ Forrester, ó máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amsterdam, ilé kan náà, àmọ́ mítà iná àwọn kan wà nínú ilé abẹ́lẹ̀, ti àwọn míì wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á máa rí i. Ó ní àwọn tó ń rí i ló ń lo iná tó fi bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo mítà prepaid mọ̀ ọ́n: ṣebí bí yúníìtì bá ti ku díẹ̀ lẹ̀ ń pa fíríìsà. Onísítọ̀, kọ iye fúláwà tó wà nílẹ̀ àti iye tó wà lójú ọ̀nà sára bọ́ọ̀dù kan níbi tí MD ti máa ń kọjá.

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ó ti lé ní oṣù kan. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mi ò mú àwòrán lọ bá MD. Ẹ̀pà ni mo mú lọ. Èmi, òun, akọ̀wé owó àti ìyá kan lára àwọn tó ń gbà búrẹ́dì, a jókòó sí ọ́físì ẹ̀, a ta eré yẹn fún bí wákàtí kan, MD ló ṣe ilé iṣẹ́. Ó pe fúláwà títí ẹ̀pà tán lórí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ pé "so èmi ni." Mo ní rárá sà, gbogbo wa ni.

A ti ń pín in bí Tísà ṣe wí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, ìyá méjì kó lọ sí békìrì míì, ọ̀kan ti padà. Bọ́ọ̀dù fúláwà wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀, "nílẹ̀" wà lápá kan, "lójú ọ̀nà" wà lápá kejì, MD fúnra ẹ̀ ló ń béèrè pé mélòó ló wà lójú ọ̀nà kó tó fọwọ́ sí owó. Búrẹ́dì tó ń padà wálé ti dín gan-an, kò tíì tán, ọjọ́ òjò ṣì ń dà wá láàmú.

Ohun tí mi ò retí ni ti dírẹ́bà. Ìgbà tá ò pín búrẹ́dì pẹ̀lú ìjà mọ́ ní ìdájí ni mo tó mọ̀ pé ìjà yẹn gan-an ló ń dá fáànù dúró ní géètì. Láago mẹ́fà kọjá ló máa ń jáde tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, aago márùn-ún àbọ̀ ó ti lọ.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ó dáa, mo túúbá 🙌 Àwọn dírẹ́bà tó lé yẹn wá ńkọ́? Ṣé MD ti pè wọ́n?

Onísítọ̀_Ìbàdàn
Kò pè wọ́n. Èmi pe ọ̀kan, ẹni kẹta. Ó ti ń wa fáànù fún békìrì míì báyìí. Ó ní níbẹ̀ náà, wọ́n ní òun ń pẹ́.